Ọwọ́ nínà àbí ìbò orí ìwé?

Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ dìbò bóyá kí wọ́n dá owó aṣọ ẹbí ọdún Ọ̀ṣun l'Òṣogbo, ọwọ́ nínà ló yá jù. Àmọ́ bí ìyá ẹgbẹ́ bá ti kọ́kọ́ nawọ́, ojú á ti ẹni tówó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Ní 1951, Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, dán irú ẹ̀ wò l'Amẹ́ríkà: ó ti ní káwọn yòókù mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nípa gígùn ìlà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn àwọn tó ń dán wò ló sì tẹ̀ lé irọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ń kọ ìdáhùn síwèé, ó dín kù gan-an.

Ìwé ló dáa jù. Bébà kan náà, bírò aláwọ̀ kan náà. Ẹ ká a lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pò ó pọ̀ nínú igbá kẹ́ ẹ tó kà á. Táwọn àgbà bá ti sọ tiwọn ṣáájú, ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Bẹ́nì kan ò bá mọ̀wé kọ, kí gbogbo yín lo hóró: ẹ̀wà fún bẹ́ẹ̀ ni, àgbàdo fún rárá.