Ìkògòsì ọjọ́ mẹ́ta: ohun tí mo sanwó fún àti ohun tí wọ́n gbé fún mi

Ẹ kú ilé o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ eléyìí, ọkọ mi ló ní kí n jẹ́ kí inú mi rọ̀ ná kí n tó fọwọ́ kan fóònù. Inú ti rọ̀ báyìí. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ẹyọ kan ni ǹ bá fún wọn gan-an, dẹ́rẹ́bà wọn ló gba ìkejì fún wọn, a ó dé ibẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà torí a ti parí ẹ̀ láàárín ara wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá ẹni tó máa kó ẹbí yín jáde n'Ìbàdàn, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Màmá wa ló pé 70. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ pátì, àwọn ò fẹ́ áńkárá, kí ẹnikẹ́ni má wá ta kánópì sójúde àwọn l'Ókè-Àdó. "Ìkògòsì tí wọ́n ń sọ pé omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù yẹn, ẹ jẹ́ kí n ti ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Gbogbo wa tá a fẹ́ lọ jẹ́ mẹ́rìnlá, àwọn ọmọ, ìyàwó àtàwọn ọmọ-ọmọ, ẹnì kan sì júwe ejẹ́ǹtì yìí fún mi.

Ohun tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nìyí, mo ṣì ní i: bọ́ọ̀sì tó ní AC, sísùn alẹ́ méjì nínú àwọn ilé kéékèèké tó wà nínú ọgbà Ìkògòsì gan-an (ẹ rántí "nínú ọgbà gan-an" yẹn o), oúnjẹ ẹ̀ẹ̀marùn-ún, a ó yà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ká wo omi Olúmirin tó ń já láti orí òkè, ₦85,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo fi voice note bi í pé ṣé kò sí owó míì mọ́, òun náà fi voice note dáhùn, "Mummy, kò sí kọ́bọ̀ míì, ó ti parí síbẹ̀." Mo fi ìdajì owó ránṣẹ́. Ọjọ́ kejì ló wá fi rìsíìtì ránṣẹ́, lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ wínníwínní pé "No refund after payment", lẹ́tà tí èèyàn máa fi gíláàsì kà.

Èmi tiẹ̀ rò pé àdéhùn ò ì tíì sí, torí a ò jókòó, a ò buwọ́ lùwé kankan. Àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ lọ́yà, kóòtù Ìyágankú ló sábà máa ń wà, ló rẹ́rìn-ín mi. Ó ní ó sọ ohun tó fẹ́ tà, o ní o gbà, o sanwó, kí ló kù? Ó ní àwọn voice note yẹn gan-an ni àdéhùn yín, kí n má pa á rẹ́ o, torí òfin ẹ̀rí ti 2011 gba ohun tó bá wá láti inú fóònù àti kọ̀ǹpútà ní kóòtù, ó kàn ní bí wọ́n ṣe máa gbé e kalẹ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn mi ò fọwọ́ kan delete mọ́ fún ẹnikẹ́ni tí mo bá fún lówó, títí kan télọ̀ mi.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án ká lọ ni Bọ̀ọ̀dá ejẹ́ǹtì pè. Epo ti gbówó lórí, ẹ bá wa fi ₦15,000 kún un lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ta ni ò mọ̀ pé epo gbówó lórí? Àmọ́ Lọ́yà ní ṣé ó wà níbì kankan nínú ohun tó fi ránṣẹ́ pé iye yẹn lè yí padà? Kò sí. Ó ní a jẹ́ pé kò lè dá nìkan fowó kún un, àfi tá a bá gbà, ó ní ṣé oníṣu Bódìjà tó ti gbowó lọ́wọ́ ẹ lè sáré tẹ̀ lé ẹ dé ìdí mọ́tò pé iṣu ti wọ́n sí i? Ó tún ní àwọn Yúróòpù tiẹ̀ ní òfin kan lórí irú ìrìn àjò tí wọ́n dì papọ̀ báyìí, 2015 ni wọ́n ṣe é, pé bí àdéhùn bá fàyè gbà á tí owó sì lé ju ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ, èèyàn lè ní òun ò lọ mọ́ kó gbowó ẹ̀ padà. Mo ṣírò tiwa, ₦15,000 lórí ₦85,000, ó lé ní ìdá mẹ́tàdínlógún. Òfin tiwọn ò de Ìbàdàn o, mo kàn fi wọ̀n ọ́n ni. Àánú ṣe wá sha, a fún un ní ₦5,000 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦70,000, Lọ́yà sì ní kí n kọ ọ́ sórí WhatsApp pé owó epo nìkan nìyí, gbogbo nǹkan tó kù wà bá a ṣe sọ ọ́, kó sì dáhùn. Ó dáhùn: "Noted ma." Gbólóhùn kan yẹn ṣiṣẹ́ fún wa lẹ́yìn-ọ̀la ju gbogbo ariwo tí mo pa lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta sí ìrìn àjò, a ti san gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n dá ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi àgbà dúró ní ọsibítù UCH. Mo pe ejẹ́ǹtì pé ẹnì kan ò ní lè lọ mọ́. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́, àwọn á gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí n wo ẹ̀yìn rìsíìtì. Ẹ̀yìn rìsíìtì! Mo fẹ́ jà, Lọ́yà ní kí n fi í sílẹ̀ dìgbà tá a bá dé.

Ọjọ́ pé. Aago mẹ́fà àárọ̀ la bá àdéhùn lé, ní Challenge. Aago kan ọ̀sán kọjá kí bọ́ọ̀sì tó dé, àwọn kan ló kọ́kọ́ gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. A ò tíì dé Aṣéjìrẹ́ tí AC ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà yẹn, Ọlọ́run á bá mi kẹ́ ẹ, baba tó dàgbà díẹ̀, kò sáré, kò bá títírélà du ọ̀nà, ó ń dúró bí Màmá bá fẹ́ yà sígbó, ìgbà tá a jìn sí kòtò lẹ́yìn Ifẹ̀ tí táyà bẹ́, ó mú ìjókòó tiẹ̀ kalẹ̀ fún Màmá lábẹ́ igi kó tó dojú kọ táyà. Ìràwọ̀ kan yẹn, tiẹ̀ ni. A kọjá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà nírọ̀lẹ́ láìyà, ó ní ipele méje ni omi yẹn, àtẹ̀gùn ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi òkùnkùn gùn. Òótọ́ ló sọ. Àwọn ọmọ ṣáà sunkún dé Ìkògòsì.

A dé Ìkògòsì, gbọ̀ngán ìgbàlejò ní àwọn ò rí orúkọ wa. Ejẹ́ǹtì wa pè wọ́n lóòótọ́, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì ti fún àwọn tó sanwó ní yàrá. Ẹbi wọn kọ́ rárá, àwọn ọmọ ibẹ̀ tiẹ̀ bá wa kẹ́dùn. Bó ṣe di pé wọ́n kó wa lọ sí gẹ́ẹ̀sìháòsì kan ní ìlú míì nìyẹn, lálẹ́, pẹ̀lú ẹni 70 ọdún. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, mi ò ní purọ́, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ wọn wà lẹ́bàá fèrèsé Màmá, wọn ò sì sùn.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ọn pé bí ẹrù yín bá sọnù kò kàn wá. Ibẹ̀ ni Lọ́yà ti sọ ìtàn obìnrin kan ní London, 1949 ni ìdájọ́ ẹ̀, wọ́n jí aṣọ onírun olówó ńlá ẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, hòtẹ́ẹ̀lì ní ṣebí àwọn ti kọ ọ́ sára ògiri yàrá. Kóòtù ní nídìí káńtà nísàlẹ̀ ni àdéhùn ti parí, ohun tó wá rí nígbà tó wọ yàrá ti pẹ́ jù, kò lè wọ inú àdéhùn mọ́. Bí mo ṣe gbọ́ ọ báyìí, rìsíìtì ló sọ sí mi lọ́kàn. Ìgbà tí mo sanwó ní ọjọ́ kìíní, ta ló sọ "no refund" fún mi?

Ọjọ́ kejì dùn. Mo ní kí n sọ ọ́ torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló burú. Ọmọbìnrin tó mú wa káàkiri mọ ìtàn, ó ní sùúrù, Màmá sì ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ tútù, wọ́n ti tòsì bọ gbígbóná, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré. Oúnjẹ pé marùn-ún, iyọ̀ pọ̀ díẹ̀.

Ìgbà tá a délé la wá bẹ̀rẹ̀ tiwa. Ejẹ́ǹtì ní òun kàn jẹ́ alárinà ni, kí n lọ bá hòtẹ́ẹ̀lì. Lọ́yà ní ta lo sanwó fún? Àpò ta ló wọ̀? Orúkọ ẹ̀ ló fi tà á, iye kan ló dá lé gbogbo ẹ̀, òun náà la bá ṣe àdéhùn, kò sí ohun tó pa wá pọ̀ mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Ó kọ lẹ́tà ojú ewé kan, kò gùn, kò bú u. Ó tọ́ka sí FCCPA ti 2018, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, abala 120, pé oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ohun tó ti forúkọ sílẹ̀ fún ṣáájú (booking), ẹni tó ń tà á sì lè yọ owó tó bójú mu níbẹ̀, kì í ṣe kó gbé gbogbo ẹ̀ mì. Ó tún dárúkọ abala 127 lórí àdéhùn tí kò bá ẹ̀tọ́ mu, ó ní bí kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó di ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe àjọ tó ń rí sí ìrìn afẹ́ l'Ábújá ló yẹ ká kọ̀wé sí, ó ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ ní 2013 pé ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì àti ìrìn afẹ́ ìpínlẹ̀ ló ni ín, àmọ́ ti oníbàárà, FCCPC ni, ibi yòówù kó ti ṣẹlẹ̀.

Èmi fẹ́ kó gba owó ìbànújẹ́ Màmá náà mọ́ ọn. Ó ní ó ṣeé bèèrè, ó wá sọ ti lọ́yà òyìnbó kan tó lọ lo ìsinmi ní Switzerland, 1973 ni ìwé òfin gbé e jáde. Wọ́n ṣèlérí ìgbádùn àti alábàárìn rẹpẹtẹ fún un, ọ̀sẹ̀ kejì ó ku òun nìkan nínú ilé, akọrin tí wọ́n ní ó máa dá wọn lára yá wọ aṣọ iṣẹ́ wá, ó kọ orin mẹ́rin-márùn-ún wàrà-wàrà, ó bá tiẹ̀ lọ. Ó san £63.45, kóòtù kékeré fún un ní ìdajì, adájọ́ Lord Denning àtàwọn yòókù ní kóòtù tó ga jù ú lọ fún un ní £125, pé ìgbádùn ló rà, ìgbádùn ni kò rí. Mo rẹ́rìn-ín débi tí mo gbàgbé pé mo ń bínú.

A ò dé kóòtù. Ọjọ́ kọkànlá ló pè, ohùn ti rọ̀, "Mummy, ẹ fojú ọmọ wò mí." Ó dá ₦65,000 padà fún ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi, ó yọ ₦20,000, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó tún san ₦10,000 lórí ẹni mẹ́tàlá nítorí yàrá àti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Àpapọ̀ ₦195,000, ẹ̀ẹ̀mejì ló pín in san.

Màmá ní àwọn ṣì fẹ́ rí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà o, kódà bó jẹ́ ipele kìíní nìkan. Mo ti kọ̀wé sí ejẹ́ǹtì míì, mo ní kó kọ irú bọ́ọ̀sì, aago tá a máa gbéra, ibi tá a máa sùn àti iye tó máa yọ tá ò bá lọ mọ́, kó kọ ọ́ kí n tó sanwó. Ó ti kà á látàná, bùlúù ti wọ àmì ẹ̀ méjèèjì. Kò tíì dáhùn.