Header_checks inú Postfix: ó wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe

Ẹ ṣí ímeèlì kan tí òṣìṣẹ́ yín fi ránṣẹ́ láti ilé, kí ẹ wo orí lẹ́tà náà, níbi ìlà Received (èyí tí sáfà kọ̀ọ̀kan tó gba lẹ́tà ń kọ) tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àdírẹ́ẹ̀sì IP ilé rẹ̀ wà níbẹ̀ gbangba. User-Agent náà tún ń sọ ohun tó fi kọ ọ́. Postfix, sáfà ímeèlì tí Wietse Venema kọ, ní ohun tí ẹ lè fi tún un ṣe, ìyẹn header_checks: òfin tó ń yẹ ìlà orí lẹ́tà wò, tó sì lè yí i padà. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì yára.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni pé inú main.cf, fáìlì ètò gbogbogbò Postfix, ni wọ́n ń fi í sí. Níbẹ̀, lẹ́tà tó ń wọlé náà ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, Received tí sáfà àwọn ẹlòmíì kọ á sì bàjẹ́. Bí ìwé gbájúẹ̀ bá dé, ẹ ò ní rí ibi tó ti wá. Ẹ dá cleanup kejì (apá Postfix tó ń tún lẹ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣe) sílẹ̀ nínú master.cf, fáìlì tó to àwọn iṣẹ́ Postfix:

subcleanup unix n - y - 0 cleanup
  -o header_checks=pcre:/etc/postfix/sub_headers
  -o nested_header_checks=

Lábẹ́ submission (pọ́ọ̀tù 587, tí àwọn òṣìṣẹ́ yín fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́) àti èyí tó wà lórí 465, ẹ fi -o cleanup_service_name=subcleanup kún un. Ẹ má fo ìlà kẹta yẹn o: láìsí i, ímeèlì tí èèyàn so mọ́ ímeèlì mìíràn á di àtúnkọ pẹ̀lú. Lórí Debian, ẹ fi postfix-pcre sí i (òun ló ń jẹ́ kí Postfix ka regex, ìyẹn àpẹẹrẹ tí a fi ń wá ọ̀rọ̀), torí kì í bá Postfix wá.

Nínú sub_headers:

/^(Received: from)[^\n]*(.*)/ REPLACE $1 [127.0.0.1] (localhost [127.0.0.1])$2
/^User-Agent:/ IGNORE
/^X-Mailer:/ IGNORE

Ẹ ṣe postfix reload. Láti dán an wò:

postmap -q "User-Agent: Thunderbird" pcre:/etc/postfix/sub_headers

IGNORE (ìyẹn, pa ìlà náà rẹ́) ló yẹ kó dáhùn. Ẹ má pa gbogbo Received rẹ́, torí iye rẹ̀ ni Postfix fi ń mọ̀ bóyá lẹ́tà ń yípo; 50 ni òpin rẹ̀ (hopcount_limit).

Kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀ ni pé ó ń ka orí lẹ́tà bí ẹni tó ń gbàgbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Ẹ ò lè sọ pé "bí From bá jẹ́ báyìí, yí Subject padà." Ìyẹn di iṣẹ́ milter, ètò ọ̀tọ̀ tí Postfix ń fi lẹ́tà hàn kó yẹ̀ ẹ́ wò. Smtp_header_checks, fún lẹ́tà tó ń jáde lọ, sì wà, àmọ́ ẹ ṣọ́ra: lẹ́yìn tí DKIM (ìbuwọ́lù tó ń fi hàn pé ẹnikẹ́ni ò yí lẹ́tà padà) ti buwọ́ lùwé ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fọwọ́ kan From tàbí Subject níbẹ̀, ìbuwọ́lù náà bàjẹ́.

Ní ti bí Received fúnra rẹ̀ ṣe máa rí, Exim, sáfà ímeèlì mìíràn, dára ju Postfix lọ: received_header_text lẹ ó kọ, kò sí regex kankan. Ṣùgbọ́n kí sáfà tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa di Exim nítorí ìlà kan ṣoṣo, mi ò rí ìdí rẹ̀. Ẹ fi WARN (tó kàn ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ láìfọwọ́ kan lẹ́tà) bẹ̀rẹ̀ dípò IGNORE, kí ẹ wo mail.log fún ọjọ́ kan, kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀.