PS5 lórí tẹlifíṣọ̀n 4K: àgbéyẹ̀wò ètò àwòrán láti pálọ̀ wa ní Sùúrùlérè

Ohun tó ń ba àwòrán gémù jẹ́ jù lórí tẹlifíṣọ̀n òde òní ni kí ẹ̀rọ méjì máa ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. PS5, ẹ̀rọ gémù Sony, ti ṣírò ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ tán kó tó fi àwòrán ránṣẹ́ gba inú wáyà HDMI. Tẹlifíṣọ̀n náà á gbà á, á tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tò, á pọ́n etí rẹ̀, á sì bu àwọ̀ kún un, bí ọbẹ̀ tí ìyá àti ọmọ jọ fi iyọ̀ sí láì sọ fún ara wọn. Láti ìgbà tí mo ti ń lo PS5 pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n 4K oníínṣì 55, ìbéèrè kan ni mo fi ń yẹ gbogbo ètò wò: nínú àwọn méjèèjì, èwo ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ yìí?

Ètò àwòrán tí tẹlifíṣọ̀n gbé wá láti ilé iṣẹ́ ló kọ́kọ́ yẹ ní yíyípadà. Vivid tàbí Dynamic ni wọ́n sábà máa ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó fa ojú oníbàárà mọ́ra ní ìsọ̀ Alábà, níbi tí wọ́n ti to tẹlifíṣọ̀n jọ gbágbáágbá, tí èyí tó bá mọ́lẹ̀ jù á sì borí ìyókù. Bí a bá gbé e délé, tí a tan EA Sports FC, àwọ̀ ewé koríko pápá á pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù á pọ́n, aṣọ funfun á sì mọ́lẹ̀ débi pé a kò ní rí ìṣẹ́po kankan lára rẹ̀ mọ́.

Game Mode ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí àwọ̀ nìkan. Àbúrò mi ti ń wá owó páàdì tuntun kiri. “Ẹ̀gbọ́n mi, páàdì yìí ti kú o,” ló máa ń sọ, “mo ti máa ń tẹ̀ ẹ́ tán kí ẹni yẹn tó gbá bọ́ọ̀lù.” Kò sí ohun tó ṣe páàdì. Tẹlifíṣọ̀n tó bá ń mú kí ìrìn àwòrán máa lọ geere máa ń dá fíríìmù tirẹ̀ (àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀lé ara wọn) sílẹ̀ sáàárín méjì tí PS5 fi ránṣẹ́, kò sì lè mọ ohun tí yóò fi sáàárín wọn àyàfi tí èkejì bá ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ dá ti àkọ́kọ́ dúró. Bí gémù bá ń sáré ní fíríìmù 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fíríìmù kọ̀ọ̀kan ń gba mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7, ìdádúró fíríìmù mélòó kan péré sì ti tó kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Game Mode máa ń pa iṣẹ́ yìí. Bí a ti tàn án báyìí, ọ̀rọ̀ páàdì tuntun parí. Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá ní ALLM, PS5 fúnra rẹ̀ ni yóò pàṣẹ fún un láti bọ́ sí Game Mode. Bí kò bá ní i, ọwọ́ ni ẹ ó fi yí i, ẹ sì rántí pé ihò HDMI kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń ní ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Àwọn ètò kan kò gba àkókò. Ẹ pa Noise Reduction, Dynamic Contrast àti ètò tó ń dín iná lílò kù, nítorí èyí tó gbẹ̀yìn yìí máa ń mú àwòrán ṣókùnkùn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí àmì ayò àti aago bá ń gé ní igun àwòrán, ẹ wá Just Scan tàbí Screen Fit. Ní ti Sharpness, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní kí ẹ gbé e sí òdo lórí gbogbo tẹlifíṣọ̀n, torí pé àárín gbùngbùn ni ibi tí kì í fi nǹkan kún àwòrán wà lórí àwọn mìíràn. Ẹ wo lẹ́tà inú ojú ewé PS5: bí ìlà funfun bá yí wọn ká, ẹ dín in kù títí yóò fi lọ.

HDR, ètò tó ń mú kí àlàfo tó wà láàárín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn inú àwòrán gbòòrò sí i, ni iṣẹ́ tó tọ́ sí àkókò yín jù. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ètò tẹlifíṣọ̀n kí ẹ ṣí ihò HDMI tí PS5 wà nínú rẹ̀ dé ìwọ̀n tó ga jù. Orúkọ ètò yìí yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, àmọ́ bí ẹ kò bá ṣí i, 4K pẹ̀lú HDR ní fíríìmù 60 lè má wọlé rárá. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá rí HGiG nínú ètò tẹlifíṣọ̀n, òun ni kí ẹ yàn. Ohun tó ń sọ fún tẹlifíṣọ̀n ni pé kó má tún ìmọ́lẹ̀ pín fúnra rẹ̀, kó jẹ́ kí PS5 ṣe é bó bá ti mọ agbára tẹlifíṣọ̀n náà. Bí kò bá sí HGiG, ẹ pa Dynamic Tone Mapping, ètò tí tẹlifíṣọ̀n fi ń tún ìmọ́lẹ̀ pín fúnra rẹ̀. Nígbà yẹn gan-an ni Adjust HDR tó wà lábẹ́ Screen and Video nínú ètò PS5 wúlò, nítorí ibẹ̀ ni PS5 ti ń béèrè agbára tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ yín: ojú ewé méjì fún ìmọ́lẹ̀, ọ̀kan fún òkùnkùn. Bí ẹ bá ṣe é kí ẹ tó yan HGiG, ẹ óò tún un ṣe. Eré ìje alẹ́ nínú Gran Turismo 7 ni mo fi dán èyí tí mo ṣe wò. Iná iwájú ọkọ̀ tó ti jẹ́ funfun báláú tẹ́lẹ̀ wá ní gílóòbù nínú, òkùnkùn ẹ̀bá ọ̀nà sì dúdú láì gbé igi mì.

Lórí PS5, ẹ fi HDR sí On When Supported, ẹ má fi í sí Always On. Bí ó bá wà ní Always On, PS5 á sọ gémù tí wọn kò ṣe fún HDR di HDR, àwọ̀ rẹ̀ á sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó ṣe é.

Irú aáwọ̀ kan náà ló wà nínú RGB Range, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka àwọ̀ láti dúdú dé funfun. Bí PS5 bá ń fi Full ránṣẹ́, ìyẹn 0 sí 255, tí tẹlifíṣọ̀n sì ń retí Limited, 16 sí 235, gbogbo ibi òkùnkùn á di dúdú kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ òdì kejì, dúdú á di eérú. Automatic tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ìhà méjèèjì gbà fún ara wọn.

Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán Èkó ni mo bá jà jù, nítorí fèrèsé wa kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ó sì máa ń kọ sí ojú tẹlifíṣọ̀n láti bí aago mẹ́ta lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á gbé Brightness sókè, bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, dúdú ni Brightness ń yí padà, òkùnkùn á sì di eérú. Backlight, ìyẹn iná ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ni kí ẹ gbé sókè. Ní HDR, ó sábà máa ń wà ní òkè pátápátá tẹ́lẹ̀, nítorí náà kọ́tìnì nìkan ló lè ràn yín lọ́wọ́, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ṣe Adjust HDR pẹ̀lú kọ́tìnì tí a fà sílẹ̀.

Ní ti fíríìmù 120, èmi kò rò pé ó tó ìdí láti pààrọ̀ tẹlifíṣọ̀n. HDMI 2.0, tí agbára rẹ̀ jẹ́ gígábíìtì 18 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò lè gbé 4K ní fíríìmù 120, HDMI 2.1 ló lè gbé e, òun náà sì ni VRR, ètò tó ń mú kí tẹlifíṣọ̀n bá ìyára fíríìmù gémù rìn, tí PS5 gbà ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ń béèrè. Ó dára bí ẹ bá ní i. Ṣùgbọ́n ojú mi rí ìyàtọ̀ tó pọ̀ ju èyí lọ nígbà tí mo yan Performance Mode nínú Game Presets PS5, tí gémù tó ń sáré ní fíríìmù 30 di 60.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n ní Alábà tàbí Computer Village ní Ìkejà, kó ní kí wọ́n so PS5 mọ́ ọn kó tó sanwó, kó sì ṣí Video Output Information nínú ètò PS5 láti rí ohun tó ń wọlé ní tòótọ́. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti tàn sílẹ̀ ní ìsọ̀, kó wò ó bóyá Store Mode ló wà: ètò yìí máa ń dá àwòrán padà sí Vivid lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá sì tò á pòórá. Home Mode ni kó yí i sí.