Google Translate Láàárín Ẹni Méjì Tó Gbédè àti Ẹnì Kẹta Tí Kò Gbọ́ Ọ

Kì í ṣe nítorí ìrìn àjò tàbí òwò ni mo ṣe yẹ ẹ̀ka ìfọ̀rọ̀wérọ̀ inú Google Translate wò, bí kò ṣe nítorí ìwà kan tí ó ti mọ́ èmi àti àbúrò mi lára: bí a bá ti jókòó pọ̀, Yorùbá ni à ń sọ, ẹni yòówù kó wà lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó sì sábà máa ń wà lọ́dọ̀ wa ni ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan tí Faransé jẹ́ èdè rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkíni àti ìdágbére lọ. Fún bí oṣù méjì ni a fi ń gbé fóònù sí àárín tábìlì kí ó lè máa bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ yin ohun tí ó yẹ fún ìyìn. Ọdún 2006 ni Google Translate bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ka ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rẹ̀ jáde ní 2011, Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Sípéènì nìkan ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èdè tí ó ń gbọ́ létí, tí ó sì ń fọ̀ lẹ́nu, ti pọ̀ sí i gan-an lónìí. Ẹ ó yan èdè méjì, ẹnì kan á sọ̀rọ̀, fóònù á kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sójú, á sì kà á jáde fún ẹnì kejì. Bí ìbéèrè bá ṣe tààrà, bíi “Ṣé kí n ṣí fèrèsé?” tàbí “Ìgbà wo ni o fẹ́ máa lọ?”, n kò ní àròyé kankan.

Ìtàkúrọ̀sọ gan-an ni iṣẹ́ ti le. Láti 2016 ni Google ti ń lo ọ̀nà ìtumọ̀ tí ó ń wo odindi gbólóhùn lẹ́ẹ̀kan náà dípò kí ó máa gé e wẹ́wẹ́. Ìtumọ̀ dára sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n odindi gbólóhùn ni ó ń fẹ́, àwọn ọmọ ìyá méjì tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ kì í sì í sábà parí gbólóhùn: ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀, èkejì á gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ̀rín á parí èyí tó kù. Kí àlejò wa tó lè rí nǹkan kan gbọ́, àwa ni a ní láti yí padà. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan, a sì ń parí ohun tí a bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni a yàn láti fi bá fóònù sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ti wà nínú àwọn èdè rẹ̀ láti 2013, nítorí pé àlejò náà lè fi etí ara rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì níbẹ̀ kí ìtumọ̀ tó dé. Kí ẹ̀rọ náà tó ṣe iṣẹ́ kankan, a ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ọmọlúàbí yẹ kó ṣe.

Mo tún fi í wé ògbufọ̀ tó jẹ́ ènìyàn. Ní ìgbẹ́jọ́ Nuremberg, ẹjọ́ àwọn aṣáájú ìjọba Násì ilẹ̀ Jámánì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1945, àwọn ògbufọ̀ ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ láàárín èdè mẹ́rin, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Rọ́ṣíà àti Jámánì, sínú ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn fi sétí. Ògbufọ̀ tó mọṣẹ́ kì í sọ pé “ó ní”. Bí olùsọ bá sọ pé “mo”, òun náà á sọ pé “mo”, kò sì ní gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ní ti èyí, fóònù sàn ju àbúrò mi lọ, ẹni tí ó máa ń fi “Ó ní ó dára” túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń lo ògbufọ̀ máa ń wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ fóònù bí ẹni tó ń retí pé kí ó dáhùn fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ máa wo ara yín.

Gbólóhùn tó wúlò jù lọ tí ohun èlò náà túmọ̀ ní oṣù méjèèjì, ẹnu àlejò ni ó ti jáde. Ó ní kì í ṣe Yorùbá wa ni ó ń dun òun, bí kò ṣe orúkọ òun tí òun ń gbọ́ láàárín ọ̀rọ̀ tí kò yé òun, tí ẹ̀rín sì ń tẹ̀ lé e. Orúkọ kò nílò ìtumọ̀, a kò sì ronú kàn án rí. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti dárúkọ rẹ̀, a ó sọ ohun tí a wí fún un lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ilé bá sì wà tí a fẹ́ fi Yorùbá sọ, a ó kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. (Bí àgbàlagbà tí kò gbọ́ èdè mìíràn bá pè wá lórí fóònù, ìyẹn kò nílò àwáwí.)

Èyí tí n kò fọwọ́ sí ni kí ẹni tí kò gbédè tan ohun èlò náà sábẹ́ tábìlì láti fi ṣọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Àfetílẹ̀kùn ni, kò yàtọ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, gbólóhùn tí kò parí, tí ẹ̀rọ sì fi àbá parí, lè sọ àwàdà di èébú. Ẹni tí ó sì ń fi èdè rẹ̀ bo òfófó náà kí ó ṣọ́ra: èdè 110 ni Google fi kún un ní 2024 nìkan, ká má tilẹ̀ sọ ti àwọn tó gbédè dáadáa ṣùgbọ́n tí wọn kì í sọ ọ́.

Fún ìbéèrè ojú ẹsẹ̀, mo fún un ní márùn-ún nínú márùn-ún. Fún ìjókòó ọ̀rẹ́, mẹ́ta, kìkì bí àwọn tó ń sọ èdè náà bá fúnra wọn gbé e jáde. Ní báyìí, ọwọ́ àlejò wa ni fóònù máa ń wà. Bí ó bá fẹ́ gbọ́, á tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn kì í tẹ̀ ẹ́ rárá. Á ní kí a máa sọ Yorùbá wa, òun fẹ́ kàwé.