Láìmù tàbí bakitéríà: èwo ni ká fi yọ zinc àti cadmium, irin tó ń ba omi jẹ́, kúrò nínú omi?

Láìmù (ẹfun tí wọ́n ń rí nínú òkúta jíjó, kì í ṣe èso) kò ní wàhálà: dà á sómi, máa rò ó títí pH (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó; 7 ni àárín) yóò fi tó 9 sí 10, zinc á sì rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀. Àmọ́ cadmium ń fẹ́ nǹkan bí 11, níbi tí zinc ti tún ń yòrò padà. Ẹrẹ̀ rẹ̀ náà pọ̀ jọjọ, ta ni yóò rà á? Síbẹ̀, fún omi ìwọ̀nba, iṣẹ́ oṣù mélòó kan, láìmù ni mo máa mú.

Bí omi bá pọ̀, tí sulfate (iyọ̀ tó ní imí ọjọ́) kún inú rẹ̀, bakitéríà bíi Desulfovibrio ló yẹ. Wọ́n ń sọ sulfate di gáàsì hydrogen sulfide, tó ń gbá zinc àti cadmium mú ní pH 7 péré. Ní Budel, ní Nẹ́dálándì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1992 fún omi abẹ́ ilẹ̀ iléeṣẹ́ zinc. Zinc tí wọ́n rí kó ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Oúnjẹ bakitéríà náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ o: kílò sulfate kan ń jẹ nǹkan bí 320 gíráàmù ethanol (èròjà ọtí). Bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọlé, iṣẹ́ dúró. Gáàsì náà ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ó sì ń pani. Bí òórùn náà bá ṣàdédé pòórá, sá jáde: imú rẹ ló kú.