Ìwé Ìtàn Yorùbá Mẹ́ta: Èwo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà?

Àjà Ló Lẹrù ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mò ń kà á. Àwọn ọ̀rẹ́ tó rí i lọ́wọ́ mi máa ń bi mí pé àwọn náà fẹ́ padà sídìí ìwé Yorùbá, àmọ́ owó ìwé kan ṣoṣo ló wà lápò, èwo ni kí àwọn rà? Mẹ́ta ni mo máa ń gbé síwájú wọn: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ (1938), Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí (1969), àti Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá (1974). Ìwé gidi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ ra èyí tí kò bá a mu lè pa á dé lójú ewé kẹwàá, kó má ṣí i mọ́.

Èdè wọn ni mo kọ́kọ́ fi ń wọ̀n wọ́n. Etí ni Fágúnwà kọ̀wé fún. Láti orí ìlù ògìdìgbó tó fi bẹ̀rẹ̀ ni gbólóhùn rẹ̀ ti ń gùn, tó ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, yóò tètè rẹ ẹni tó bá ń fi ojú lásán kà á. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ka ibi tí Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìtàn náà, ti pàdé ẹ̀dá abàmì tó ń jẹ́ Àgbákò sókè fún ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo dé ibi ojú mẹ́rìndínlógún tó yí orí Àgbákò ká, ó di apá mi mú, ó ní, "Bàbá mi, ẹ tún ibẹ̀ kà." Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni kò yé e, síbẹ̀ kò jẹ́ kí n sinmi títí tí bátìrì fi kú. Bí ẹ bá ní ẹni tí ẹ lè kàwé fún, òun ni kí ẹ rà.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa kà á, nínú ọkọ̀ tàbí lẹ́yìn iṣẹ́, Òkédìjí ni. Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ń tọpa àwọn ọ̀daràn, Tàfá Ìgíripá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kúkúrú ni wọ́n ń sọ síra wọn. Òwe, orin àti èébú ń jáde lẹ́nu wọn bí ẹ ṣe máa gbọ́ ọ ní gáréèjì. Ìtàn náà ń sáré, àmọ́ èdè kò fìgbà kan rọ̀ jọ̀wọ̀rọ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ó Le Kú ló rọrùn jù. Ìfẹ́ Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì n'Ìbàdàn, àti àwọn ọmọbìnrin tó wà láyé rẹ̀ ló dá lé. Yorùbá tí a ń sọ nílé ló fi kọ ọ́, nítorí náà òun ni mo máa ń ní kí àwọn ará wa tó dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ti wo fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe nínú rẹ̀ ní 1997 ṣì lè rà á. Mi ò ní rà á fún ọmọdé ṣá.

Ní ti ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún Ògbójú Ọdẹ ní 1968, iṣẹ́ àgbà ni. Ẹ rà á kún ti Yorùbá, ẹ má fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó láìṣí ìwé wò. Mo ra ẹ̀dà kan rí lọ́jà, ojú ewé mẹ́rìndínlógún ni kò sí nínú rẹ̀, níbi tí ìtàn ti gbóná gan-an. Nígbà tí mo padà lọ, ẹni tó tà á fún mi ní òun kì í gba ọjà padà. Látìgbà náà, mo máa ń wo nọ́ńbà ojú ewé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí n tó na owó. Ẹ wo ìtẹ̀wé náà pẹ̀lú. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ẹ̀dà-kíkọ ṣe, àmì á ti parẹ́, "oko" á wà níbẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, ọkọ́ tí a fi ń roko ni, àbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Bí ẹ bá rí "nwọn", "aiye" àti "enia", ẹ má bẹ̀rù, àkọtọ́ àtijọ́ nìyẹn, ojú yín á mọ́ ọn kí ẹ tó ka ogún ojú ewé.

Ẹ yan ojú ewé kan láàárín ìwé, kí ẹ kà á sókè díẹ̀ níbẹ̀, lójú ẹni tó ń tà á. Èyí tó bá wu ahọ́n yín láti máa bá lọ ni kí ẹ sanwó rẹ̀.