Òkè Ìdànrè ní ìparí oṣù kẹjọ

Ẹni tó bá fẹ́ sinmi lórí òkè tí ariwo mọ́tò kò dé, ìparí oṣù kẹjọ ni kó lọ sí Ìdànrè, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Òjò máa ń dáwọ́ díẹ̀ nígbà náà, ooru kì í sì í pọ̀.

Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lẹ máa gùn. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹ má fo ìkankan. Gígùn kọ́ ni wàhálà, sísọ̀ kalẹ̀ ni: orúnkún ló máa ń jìyà ẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí ìdí ẹ̀ ní eyín, torí bí òjò òru bá rọ̀, nǹkan àwọ̀ ewé tó ń hù lára òkúta á máa yọ̀ bí ilá. Lítà omi méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Aago méje àárọ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Tí oòrùn bá fi ràn lọ́sàn-án, òkúta á gbóná bí agbada.

Ìlú àtijọ́ ló wà lókè: ààfin Ọwá (ọba Ìdànrè), ilé ẹjọ́, ilé ìwé. Ẹ mú ẹni tó mọ ìtàn ibẹ̀ dání, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ògiri lásán lẹ máa wò. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó jókòó sísàlẹ̀. Òkè náà dùn ún wò látibẹ̀.